Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù bàbá yín o

Ìbéèrè tó wọlé rèé, ọ̀dọ̀ àǹtí kan l'Abẹ́òkúta ló ti wá, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dell Latitude E6410 tí bàbá wa lò títí wọ́n fi lọ ló wà lọ́wọ́ mi, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tàn án. Nígbà tí mo tàn án lóṣù tó kọjá, ìgbà míì ojú ẹ̀ á kàn dúdú, fáànù á máa yí, ìgbà míì á kọ 'No bootable device', ìgbà míì àmì Windows á yọ, á tún padà síbi tí wọ́n kọ Startup Repair sí, ibẹ̀ náà lá máa yí po sí. Déètì ẹ̀ ti padà sọ́dún àtijọ́. Nǹkan kan sì máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí òun fọ́máàtì ẹ̀, kí òun fi Windows 10 sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí bàbá jẹ́ akọ̀wé fún wà níbẹ̀, ohùn wọn náà wà níbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Mi ò mọ ibòmíì tó tún wà. Kí ni kí n ṣe?"

Àǹtí mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa láptọ́ọ̀pù yẹn ná, ẹ má sì tàn án mọ́ láti wò ó bóyá lónìí ó máa ṣí. Ẹ bá mi sọ fún bọ̀dá yẹn náà pé kó ṣì dúró. Kọ̀ǹpútà tí kò tàn dáadáa, ọ̀tọ̀ ni, fáìlì tó sọnù, ọ̀tọ̀ ni. Inú háàdì díìsìkì ni gbogbo nǹkan bàbá wà, nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, síkíríìnì lè kú, mẹ́mórì (RAM, kì í ṣe ibi tí fáìlì ń gbé) lè kú, Windows fúnra ẹ̀ lè dàrú pátápátá kí fáìlì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ohun tó máa ń pa fáìlì jù ni pé èèyàn ń kánjú tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí kò tíì kó ẹrù inú ẹ̀ jáde.

Mo mọ ìdí tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi máa ń sáré dé orí fọ́máàtì, ìyẹn nínu gbogbo ohun tó wà nínú háàdì kúrò, ó yá wọn, oníbàárà á rí i pé ó ti tàn, á sanwó, á lọ sílé. Mi ò bá wọn jà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kéèyàn fọ́máàtì ẹ̀rọ olóògbé láìbéèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Windows 10 tó sì fẹ́ fi sí i yẹn, Microsoft ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí ẹ̀ láti 14 October 2025, bí wọ́n ṣe ṣíwọ́ lórí Windows 7 yín ní 14 January 2020, torí náà kò sóhun tó ń lé wa rárá.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ yọ háàdì yẹn kúrò nínú ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, irú Dell yìí wà lára àwọn tó rọrùn láti tú. Ẹ yọ ṣájà, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ tó mọ́, ẹ yọ bátìrì ńlá, ẹ ó rí àwọn sìkúrù kéékèèké tó di háàdì mú lábẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi sikurudíráfà onísítáà tó kéré tú wọn, kẹ́ ẹ wá rọra fà á jáde láti ẹ̀gbẹ́. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ di irin kan mú, irin ilẹ̀kùn tàbí ti wíńdò, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ara wa máa ń ta èèyàn ní iná, torí iná kékeré yẹn lè ba pátákó tó wà lábẹ́ háàdì jẹ́. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ lè mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti bó ṣe gbà tó, 250GB ni o, 320GB ni o. Ẹ wé e, ẹ gbé e síbi tó gbẹ tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ohun tó bá wù yín lẹ lè fi ẹ̀rọ yẹn dán wò, kò sí fáìlì bàbá nínú ẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bàjẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é, ìyẹn ló fi dà bíi pé ó ń yí ohùn padà lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ti ojú tó ń dúdú, mẹ́mórì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Láìsí ṣájà, láìsí bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó há sínú ẹ̀ lè tán. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìdérí abẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí mẹ́mórì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin kéékèèké méjì há mọ́ lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi èékánná ya irin méjèèjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́mórì á fúnra ẹ̀ gbéra sókè díẹ̀, ẹ wá fà á jáde bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ wo ẹnu ẹ̀, àwọn ìlà tó dà bíi góòlù yẹn, tẹ́ ẹ bá rí i tó ti ṣú tàbí tó ní àbàwọ́n, ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ni. Ẹ mú ìrésà funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́nsùlù rẹ́, ẹ fi rọra pa á lọ sí apá kan ṣoṣo, kò ní agbára nínú, títí tó fi máa dán, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá ẹ̀rún ìrésà kúrò. Ẹ tì í padà ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa wọlé dáadáa, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí irin méjèèjì máa dún pa. Tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá padà, kẹ́ ẹ tàn án wò, kẹ́ ẹ tún pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ìkejì, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ọ̀kan ti kú.

Tójú bá ṣì dúdú, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan síkíríìnì náà láti ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń rí ọ̀rọ̀ fírífírí nínú òkùnkùn yẹn, iná ẹ̀yìn síkíríìnì ló kú, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ wá wáyà VGA, ẹ so ó mọ́ mọ́nítọ̀ míì.

Ti déètì tó padà sẹ́yìn ò le rárá. Bátìrì kékeré róbótó kan wà nínú ẹ̀, CR2032, fóltì mẹ́ta (3V) ni, òun ló ń bá a rántí aago nígbà tí kò sí iná, ó sì ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wáyà kékeré máa ń wà lára ẹ̀, torí náà èyí tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú dání lọ sọ́jà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tí bátìrì yẹn bá kú, ètò inú BIOS (ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) náà lè padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, títí kan ibi tí wọ́n kọ SATA Operation sí, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá háàdì sọ̀rọ̀. Tí Windows 7 bá wọlé nígbà tí ibẹ̀ wà lórí AHCI, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà yẹn, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó bá a lórí nǹkan míì, kò ní lè ka háàdì tiẹ̀ mọ́, á fi ojú búlúù hàn pẹ̀lú 0x0000007B, á tún ara ẹ̀ tàn, á bọ́ sí Startup Repair, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe é lọ. Àìmọye ẹ̀rọ ni wọ́n ti fọ́máàtì torí ìyẹn nìkan, nígbà tó jẹ́ pé kéèyàn tẹ F2 bó ṣe ń tàn, kó wọ BIOS, kó yí ìlà kan padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe tiyín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kó fáìlì tán, òun ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi Windows tuntun sí i. Ẹ kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó yí i.

Ó ku háàdì. Òun gan-an lọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn, torí kẹ́-kẹ́-kẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Nínú irú háàdì yìí, àwo kan wà tó ń yí nígbà 5400 tàbí 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lókè ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ gírámáfóònù lórí àwo orin, àmọ́ ní tibí orí apá yẹn ò gbọ́dọ̀ kan àwo. Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé eruku lásán tóbi jù ú lọ. Tó bá ń dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń bá iṣẹ́ lọ, ó lè jẹ́ pé ibì kan lórí àwo ló ti bàjẹ́ tó ń gbìyànjú láti kà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ ní ìwọ̀n kan náà láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fún un níná, tí kò dúró, orí apá yẹn ló ti ní ìṣòro, gbogbo ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá fi jẹ́ kó máa yí, ó lè máa ha àwo nínú. Nítorí náà ẹ má ṣí i láti wo inú ẹ̀, ẹ má gbá a, ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríísà, omi tó máa sẹ̀ sára ẹ̀ nígbà tó bá jáde á pa èyí tó ṣẹ́ kù.

Nǹkan mẹ́ta lẹ máa nílò: wáyà tó ń so SATA (ẹnu háàdì náà) mọ́ USB, háàdì ìta tuntun tó gbà ju ti bàbá lọ, àti fláàṣì 8GB. Ẹ ní kí ẹnìkan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa bá yín gba Linux Mint Xfce wálẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti Windows tó sì lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB torí náà dátà máa lọ díẹ̀, kó fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì náà. Láti orí fláàṣì yẹn ni ẹ máa ti tan kọ̀ǹpútà, ti Dell yín tó bá ti gbádùn tàbí ti ẹlòmíì, ẹ tẹ F12 bó ṣe ń tàn kẹ́ ẹ yan USB. Kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti jìnnà sí ibi tí wọ́n kọ Install sí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò ní kẹ́ ẹ kàn so ó mọ́ Windows ẹlòmíì. Windows kì í fara balẹ̀ lórí háàdì tó ń ṣàìsàn. Bó bá ṣe rí i báyìí, ó lè sọ pé kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè lò ó, ó lè ní òun fẹ́ ṣàyẹ̀wò kí òun sì tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá bá ara yín níbẹ̀ láéláé, Cancel ni. CHKDSK tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yẹn, ètò orí díìsìkì ló ń tún ṣe, kì í ṣe fáìlì yín ló ń dáàbò bò, á máa kọ nǹkan sórí àwo tó ti ń kú lọ.

Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ rò ti iná. Ẹ má ṣe é lórí iná NEPA lásán tó ń ṣẹ́jú, bátìrì Dell yín ti gbó, tí iná bá lọ lójijì ẹ̀rọ náà á kú pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ lo ìnfátà, tàbí kẹ́ ẹ lo láptọ́ọ̀pù ẹlòmíì tí bátìrì ẹ̀ ṣì gbé iná dúró. Ẹ gbé háàdì bàbá sórí tábìlì tí kò mì, kó tẹ́jú, ẹ má gbé e nígbà tó bá ń yí.

Tí Mint bá ti tàn, ẹ so háàdì bàbá mọ́ ọn, ẹ tẹ́tí. Tó bá ń dún bí mo ṣe sọ yẹn láìdúró, ẹ fà á yọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ ṣí Terminal, ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL

ẹ ó rí gbogbo díìsìkì tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tóbi tó. Tó bá fara hàn pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀ gidi, ẹ dúpẹ́. Tó bá fi 0B hàn, tàbí tí kò yọjú rárá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ wáyà, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Tó bá yọjú, ẹ má tíì ṣí i kẹ́ ẹ máa da fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà odindi ẹ̀ ná, ètò tí wọ́n ń pè ní ddrescue la fi ń ṣe é. Ẹ so Mint mọ́ fóònù yín fún íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ kọ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install gddrescue testdisk. Ká ní orúkọ tí lsblk fún háàdì bàbá ni sdb, háàdì tuntun sì ń jẹ́ AKOPAMO, ohun tẹ́ ẹ máa kọ ni:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb /media/mint/AKOPAMO/baba.img /media/mint/AKOPAMO/baba.map

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Díìsìkì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ló ń kà, ibi tẹ́ ẹ dárúkọ tẹ̀ lé e ló ń kọ nǹkan sí. Tẹ́ ẹ bá yí i po, ẹ lè kọ nǹkan míì lé ti bàbá lórí. Ọ̀nà tí wọ́n fi to fáìlì sórí háàdì tuntun yẹn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32, torí FAT32 ò lè gba fáìlì kan tó bá tó 4GB, NTFS tàbí exFAT ló máa ṣe é.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ddrescue ni pé kì í bá ibi tó bàjẹ́ ṣe agídí. Ibi tó dáa ló kọ́kọ́ ń sáré kó, tó bá kan ibi tó le, á fò ó, á sì kọ ọ́ sínú baba.map pé òun ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó máa rí i lójú síkíríìnì, iye tó ti kó jáde tí ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ rescued sí, àti iye ìgbà tó kọsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ read errors. Tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ tún kọ, ibi tó dúró sí lá ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ yọ -n kúrò kẹ́ ẹ fi -r3 sí i, kó padà lọ gbìyànjú àwọn ibi tó fò. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó lè di ọjọ́ kejì, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ háàdì bàbá, ẹ tọ́jú ẹ̀, orí baba.img, ẹ̀dà tí a ṣe yẹn, la ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí Disk Image Mounter ṣí i, ẹ wọ Users, ẹ wọ orúkọ bàbá, ẹ wo Desktop kẹ́ ẹ tó wo Documents, torí orí Desktop làwọn bàbá wa máa ń tọ́jú nǹkan sí jù. Ìwé ẹgbẹ́ á parí sí .xls tàbí .xlsx. Ti ohùn, tó bá jẹ́ orí Windows 7 ni wọ́n ti ká a, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ .wma, tó bá jẹ́ orí fóònù àtijọ́ ni wọ́n ti gbé e wá, ẹ wá .amr tàbí .3gp, ẹni tó bá ń wá .mp3 nìkan lè wá a tì. Tí baba.img náà ò bá ṣí, ẹ fi TestDisk wò ó bóyá ó máa rí ètò ẹ̀ padà, tí ìyẹn náà ò bá ṣe é, ẹ lo PhotoRec, á wú fáìlì jáde ní ìrísí wọn, àmọ́ orúkọ wọn á ti lọ, ẹ ó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Òun náà ló máa ràn yín lọ́wọ́ tó bá ṣe pé bọ̀dá yẹn ti fi quick format sí i kí lẹ́tà mi tó dé, tí kò bá tíì kọ Windows lé e lórí, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

Tí háàdì ò bá dáhùn rárá, tàbí tó ń dún láìdúró, àwọn tó ní yàrá tí kò léruku àti irinṣẹ́ ìpààrọ̀ orí apá yẹn nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́, owó wọn ò kéré. Ọ̀pọ̀ máa sọ pé àwọn lè ṣe é, ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti máa ṣí i, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i lórí tábìlì lójú títì, ẹ gba háàdì yín lọ́wọ́ ẹ̀. Tówó ò bá tíì sí, ẹ pa á mọ́, háàdì tí ẹnikẹ́ni ò fún níná lè dúró dè yín. Ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ jókòó tì í tó bá ṣeé ṣe. Ìwé alájẹṣẹ́kù ni, orúkọ àwọn èèyàn àti iye tí wọ́n dá ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan.

Bẹ́ ẹ ṣe ń dúró de wáyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀dà, torí ó ṣeé ṣe kó wà níbì kan. Tẹ́ ẹ bá lè wọ ímeèlì bàbá, ẹ lọ sí Sent, akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí alága àti akápò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò. Páàsìbúùkù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, iye tí kálukú dá ṣeé tún kọ láti ibẹ̀ tó bá burú tán. Ẹ tú dúrọ́ọ̀ bàbá wò fún fláàṣì àti kááàdì mẹ́mórì fóònù àtijọ́, pàápàá fún ti ohùn yẹn, torí tó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n fi ká a, inú kááàdì yẹn ló kọ́kọ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá ti yọ háàdì náà, ẹ fi fọ́tò ìwé ara ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sọ irú ohùn tó dún nígbà tẹ́ ẹ so ó mọ́ Mint àti ohun tí lsblk kọ. Tí nọ́ḿbà tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ò bá yé yín, ẹ má tíì kọ ti ddrescue, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i.